Ta ló tẹ Ògbómọ̀ṣọ́ dó, ta ló sì ni orúkọ ẹ̀? Ẹ bá mi dá sí ohun tí mo fẹ́ kọ sínú ìwé ẹbí

ỌmọTákíè
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ẹbí wa fẹ́ pàdé nílé ní Iléyá tó ń bọ̀, àwọn ti Jọ́ọ̀sì, ti Èkó, ti Ìlú Òyìnbó, gbogbo wọn ló ń bọ̀, wọ́n wá ní èmi tí mo mọ kọ̀ǹpútà tẹ̀ ni kí n kọ ojú ewé méjì péré lórí bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ àti lórí ìdílé Ṣọ̀ún, ìyẹn ọba ìlú wa, káwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ náà lè rí nǹkan kà. Látìgbà tí mo ti gbé èyí tí mo kọ sórí wàsáàpù ẹbí ni ìjà ti dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ògúnlọ́lá ló tẹ ìlú dó, ọ̀rọ̀ parí. Ìyàwó àbúrò wọn tó jẹ́ ọmọ Òkè-Ẹlẹ́rin ní irọ́ ni, pé Ògúnlọ́lá bá èèyàn níbẹ̀ ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan gbé fídíò kan wá níbi tí ọ̀gbẹ́ni kan ti ń sọ pé ìtumọ̀ orúkọ ìlú ni "ògbó mọ ìṣọ́", pé arúgbó tó mọ ilé ṣọ́. Òmíì tún ní Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ lorúkọ ọba tó kọ́kọ́ jẹ níbẹ̀, pé ìdílé ẹ̀ ni wọ́n fi sọ ìlú. Èwo ni kí n mú, èwo ni kí n jù sílẹ̀? Ẹ má bínú pé ó gùn.

Àkànní Ìsàlẹ̀-Afọ́n
Ẹ fi fídíò yẹn sílẹ̀ jàre. Ẹni bá ti lè já orúkọ ìlú sí wẹ́wẹ́ báyìí a máa rí ìtumọ̀ tó bá wù ú. Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ò jọba ní Ògbómọ̀ṣọ́ rí, kò sí ìdílé Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ kankan tó ni ìlú. Orí ẹ̀ ni wọ́n gbé. Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ọ̀tá ni.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín bí ọ̀pọ̀ àgbà Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń sọ ọ́, kí àwọn tó kù wá bù mọ́ ọn.

Ọdẹ ni Ògúnlọ́lá, Ìbàrìbá sì ni wọ́n pè é, láti apá Borgu lọ́hùn-ún. Òun àti ìyàwó ẹ̀ wá pàgọ́ sí abẹ́ igi àjàgbọn, nítòsí ibi tí ààfin wà lónìí. Ó rò pé òun nìkan ló wà nínú igbó yẹn, àfìgbà tó rí èéfín tó ń rú láwọn ibòmíì. Ó tọpa èéfín yẹn, ló bá bá àwọn ọdẹ mẹ́rin mìíràn, Ààlẹ̀, Ohunsile, Òrìṣàtólú àti Akandie. Àwọn márààrún yìí ló da ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Alóńgo. Kí lẹgbẹ́ yìí wà fún? Ohun àkọ́kọ́, àwọn tó ń jí èèyàn kó lẹ́rú ń rìn káàkiri agbègbè yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá kojú wọn. Ìkejì, kí wọ́n jọ máa ṣọdẹ. Ìkẹta, kí wọ́n máa ran ara wọn lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti oko ọdẹ dé, ilé Ògúnlọ́lá ni wọ́n ń pé sí, wọ́n á jẹ ẹ̀wà, wọ́n á mu ọtí ọkà, wọ́n á sọ̀rọ̀ ìlú.

Lẹ́yìn náà ni ẹjọ́ ìpànìyàn kan bá Ògúnlọ́lá, ìjà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tí ẹnì kan fi kú. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n dá a dúró síbẹ̀. Àsìkò yẹn ni jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ń yọ Ọ̀yọ́ lẹ́nu, àwọn ọmọ ogun Aláàfin ò rí i ṣe. Ògúnlọ́lá ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbìyànjú. Ọfà ni ọdẹ mọ̀ lò, ọfà ló fi pa á, ó gé orí ẹ̀, ó gbé e wá fún Aláàfin. Inú Aláàfin dùn, ó dárí jì í. Wọ́n ní kó máa gbé Ọ̀yọ́, ó lóun fẹ́ padà síbi tóun ti wá. Ni Aláàfin bá ní kí wọ́n jẹ́ kó máa ṣe ọ̀hún. Inú "ṣe ọ̀hún" yẹn ni orúkọ oyè Ṣọ̀ún ti wá. Àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibùdó ẹ̀ ní ibùdó Ògbórí-Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́, títí tí ẹnu fi ké e kúrú sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Torí náà orúkọ ìlú wá láti ara ohun tí ọkùnrin yìí ṣe, orúkọ oyè náà wá láti ara ohun tí Aláàfin sọ nípa ẹ̀. Èèyàn kan náà ni méjèèjì. Ohun tí ẹ lè kọ nìyẹn láìsí ìjà.

ỌmọẸlẹ́rin
Láìsí ìjà kẹ̀? Tíṣà ẹ kú àlàyé, ẹ ṣé, àmọ́ ẹ sáré kọjá níbì kan. Ẹ ní ó "bá" àwọn ọdẹ mẹ́rin. Tó bá bá wọn, a jẹ́ pé wọ́n ti wà níbẹ̀. Ààlẹ̀ ló ti wà ní Òkè-Ẹlẹ́rin, ọdẹ erin ni, ìdí tí wọ́n fi ń pe àdúgbò náà ní Ẹlẹ́rin nìyẹn. Òrìṣàtólú wà ní Ìsapá. Akandie ní ibi tiẹ̀. Báwo lẹni tó dé kẹ́yìn ṣe wá di ẹni tó tẹ ìlú dó? Ìyàwó àbúrò bàbá ẹni tó kọ̀wé yìí ò parọ́ o, ẹ sọ fún wọn pé mo kí wọn.

Àkànní Ìsàlẹ̀-Afọ́n
@ỌmọẸlẹ́rin àgọ́ ọdẹ yàtọ̀ sí ìlú. Igbó kún fún àgọ́ ọdẹ nígbà yẹn. Ta ló mú orúkọ wá? Ta ni Aláàfin mọ̀?

ỌmọẸlẹ́rin
Aláàfin kọ́ ló lẹ́rin tí bàbá wa pa 😂 Mi ò ní Ògúnlọ́lá ò ṣe nǹkan kan. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ọmọ yìí kọ ọ́ síwèé pé àwọn márùn-ún ló wà níbẹ̀ kí oyè tó jáde, kó má kọ ọ́ bí ẹni pé Ọlọ́run sọ Ògúnlọ́lá sílẹ̀ sínú igbó tó ṣófo.

Ìyá Ìbejì Apákẹ́
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ń jà lórí ta ló kọ́kọ́ dé, kò sẹ́ni tó bi ara ẹ̀ pé kí ló dé tó jẹ́ ilé Ògúnlọ́lá ni gbogbo wọn ń wá. Ìyàwó ni! Òun ló ń se ẹ̀wà, òun ló ń pọn ọtí. Àwọn ọdẹ tó wà káàkiri, olúkúlùkù lórí ibi tiẹ̀, ilé tí oúnjẹ àti ọtí wà ni wọ́n ń kórìíra láti kúrò ńbẹ̀. Ibẹ̀ di ibi ìpàdé, ibi ìpàdé ló di ààfin lọ́la. Ẹ lọ wo ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, ibi tí obìnrin bá ti pàtẹ ọjà sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀lé kọ́lé. Èmi nígbà tí mo ń sọ ìtàn yìí fáwọn ọmọ mi, ìyàwó ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń gbádùn ẹ̀ ju ti orí tí wọ́n gé lọ, torí ọmọ ọdún mẹ́fà ẹ máa wá sọ fún un pé wọ́n gé orí èèyàn kó tó lọ sùn.

ỌmọTákíè
Mo ti ń rẹ́rìn-ín níbí o. Ìyá Ìbejì mo máa fi ìyàwó síwájú, kò sẹ́ni tó rò ó rí nílé wa. Ìbéèrè mìíràn: Aláàfin wo? Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ajagbó. Ibòmíì tí mo kà kò dárúkọ ẹnì kankan. Ọdún wo ni kí n kọ?

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Ajagbó ni ọ̀pọ̀ ń dárúkọ. Òun náà ni wọ́n sọ pé ó dá oyè Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò sílẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé láàárín ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ìyẹn àwọn ọdún 1600 sí 1700, kó tó.

Káyọ̀dé_Under-G
Ẹ jẹ́ kí n da omi tútù sí i díẹ̀. Ẹ wo ìran tí wọ́n ń kà fún wa. Ògúnlọ́lá bí Jogíòrò, Jogíòrò bí Kúmóyèdé, Kúmóyèdé bí Tóyèjẹ. Tóyèjẹ yìí, a mọ ìgbà tiẹ̀ dáadáa, òun ló jẹ Kakaǹfò lẹ́yìn Àfọ̀njá Ìlọrin, ìyẹn ní nǹkan bí 1820 ó lé. Tẹ́ ẹ bá ní Ògúnlọ́lá pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ní nǹkan bí 1650, a jẹ́ pé láti bàbá ńlá dé ọmọ-ọmọ-ọmọ, ìran mẹ́ta péré ló gba ọdún tó lé ní àádọ́jọ. Ta ló ń pẹ́ bímọ tó bẹ́ẹ̀? Nínú méjì, ọ̀kan. Bóyá àwọn orúkọ kan ti já bọ́ láàárín, bóyá Ògúnlọ́lá ò pẹ́ tó bá a ṣe ń sọ, pé wọ́n kàn so ó mọ́ Ajagbó torí pé Ajagbó lókìkí. Mi ò mọ èwo ló jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n n ò ní kọ ọdún kankan síbẹ̀ tó bá jẹ́ èmi. "Láyé Ọ̀yọ́-Ilé" ti tó.

Tíṣà Fẹ̀yìntì
Káyọ̀dé, o ò ṣì ro ó ṣùgbọ́n o gbàgbé pé àwọn ọmọ Ògúnlọ́lá mìíràn jẹ ṣáájú Jogíòrò, Lakalẹ̀ jẹ, Kekere Esuo náà jẹ. Àwọn baba wa sì ń pẹ́ láyé, wọ́n ń bímọ lọ́jọ́ ogbó lára ìyàwó kékeré. Ọ̀rọ̀ ẹ wúwo lóòótọ́ àmọ́ má fi ìṣirò pa ìtàn.

Káyọ̀dé_Under-G
Bàbá, arákùnrin tó jẹ ṣáájú ò sọ ìran di púpọ̀. Ìran la ń kà, a ò ka àwọn tó jókòó sórí àga. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti ìyàwó kékeré yẹn 😄

Lọ́yà_Masifá
Ẹ kú ìjíròrò. Ọ̀rọ̀ tèmi ò dùn létí ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì ju ti gbogbo yín lọ. @ỌmọTákíè, ohun tí ẹ fẹ́ kọ pín sí méjì. Apá kan ni ìtàn bí ìlú ṣe bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Apá kejì ni ìdílé Ṣọ̀ún, ta ló bí ta, ilé ta ló kàn láti jẹ. Ẹ ṣọ́ra gidi níbẹ̀. Ìwé ìtàn kékeré táwọn ẹbí ń tẹ̀ fún àjọ̀dún, mo ti rí i tí wọ́n gbé e wá sí kóòtù bí ẹ̀rí nínú ẹjọ́ oyè, lọ́yà kejì á sì ka ìlà kọ̀ọ̀kan síta pé ẹ̀yin ẹbí náà lẹ fọwọ́ yín kọ ọ́. Láti ìgbà òfin ìjòyè ti Western Region ti 1957 ni ìjọba ti ń kọ sílẹ̀, fún oyè kọ̀ọ̀kan, iye ilé tó ń jẹ àti bí wọ́n ṣe ń tẹ̀lé ara wọn. Ìwé yẹn ni kóòtù máa ń wò. Tí ojú ewé méjì yín bá ta kò ó, ẹ dá wàhálà sílẹ̀ lásán.

Ẹ tún rántí pé ọ̀rọ̀ yìí ò tíì tutù. Nígbà tí Ọba Jímọ̀h Oyèwùmí, Ajagungbadé Kẹta, wàjà ní oṣù Kejìlá 2021 lẹ́yìn tí wọ́n ti wà lórí ìtẹ́ láti 1973, ó di 2023 kí Ọba Ghandi Ọláoyè tó gorí ìtẹ́, ẹjọ́ sì wà ní kóòtù láàárín ìgbà yẹn. Nínú ẹbí tó pọ̀ báyìí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ní àna ní ilé méjì tó ta ko ara wọn. Ẹ dá a dúró sí Kúmóyèdé àti àwọn ọmọ ẹ̀ márùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa jà lórí ìyẹn.

Àbíkẹ́_Jọ́ọ̀sì
Lọ́yà ẹ jọ̀ọ́, ta làwọn márùn-ún? Bàbá wa àgbà máa ń kà wọ́n fún wa ní Jọ́ọ̀sì bí àdúrà, mo ti gbàgbé.

Lọ́yà_Masifá
Tóyèjẹ, Olúwusi, Báyéwùwọ́n tí àwọn kan ń pè ní Baiwon, Bọ̀láńtá, Ògúnlabí Ọdúnáró. Wọ́n jẹ tẹ̀lé ara wọn, ẹ̀gbọ́n sí àbúrò.

Ṣẹ́gun Ilé-Ogun
Ẹ̀yin ò tíì sọ̀rọ̀ ogun, ẹ̀ ń sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́! Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ Ìlú Òyìnbó yẹn mọ̀ pé Tóyèjẹ yìí ni igbákejì Àfọ̀njá, Ọ̀tún Kakaǹfò, kí wọ́n tó pa Àfọ̀njá ní Ìlọrin. Òun ló wá jẹ Kakaǹfò tẹ̀lé e, òun ló kó àwọn ọmọ ogun Yorùbá jọ láti gbẹ̀san, wọ́n jà ní Ògèlé. Kò bọ́ sí i fún wọn. Àwọn ìlú tó wà láàárín pa run lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn náà, Ọ̀yọ́-Ilé fúnra ẹ̀ pa run, ṣùgbọ́n Ìlọrin ò rí Ògbómọ̀ṣọ́ kó, bó ṣe súnmọ́ wọn tó yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kì wá pé ogun ò jà kó Ògbómọ̀ṣọ́ rí. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò méjì ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ jáde, ìlú wo ló tún rí bẹ́ẹ̀?

Àkànní Ìsàlẹ̀-Afọ́n
Mẹ́ta. Tóyèjẹ, Òjó Aburúmákú ọmọ ẹ̀, àti Akíntọ́lá. 1964 ni Aláàfin fi Ládòkè Akíntọ́lá jẹ ẹ́, wọ́n sì pa á ní Ìbàdàn ní January 1966.

Ṣẹ́gun Ilé-Ogun
Aburúmákú ni mo kà pọ̀ mọ́ bàbá ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dáa, mẹ́ta.

Káyọ̀dé_Under-G
Ẹ má gbàgbé ohun tí wọ́n sọ nípa Aburúmákú o. Wọ́n ní nígbà tiẹ̀ kò sí ogun tó lè jà, Kakaǹfò ò sì gbọ́dọ̀ jókòó lásán, ló bá dá ìjà sílẹ̀ nínú ìlú fúnra ẹ̀, ó tún wá fọwọ́ líle paná ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sínú ìwé ẹbí, àwọn ọmọ máa kà á dópin.

Ìyá Ìbejì Apákẹ́
Irú ọkọ báyẹn pọ̀ nílé ayé.

Ọmọ Ìkòyí
Mo ti ń ka gbogbo èyí bọ̀ láti òkè, mo sì ń retí ẹni tó máa sọ ọ́. Kì í ṣe gbogbo ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ló jẹ́ ọmọ Ògúnlọ́lá! Nígbà ogun tí Ṣẹ́gun ń sọ yẹn, àwọn èèyàn sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ láti ìlú tí kò lóǹkà. Àwa Ìkòyí, àwọn ará Ìgbọ́n, àwọn Ìrẹsà. Àwọn kan padà sílé nígbà tí ayé rọ̀, ìdí nìyẹn tí Orílé-Ìgbọ́n àti Ìrẹsà fi wà lónìí ní Ṣurúlérè lọ́hùn-ún. Àwọn kan ò padà mọ́. Ìjẹ̀rú wà níbẹ̀, Oǹpetu ọba wọn sì wà lórí oyè tiẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ní orúkọ, wọ́n ní oríkì, wọ́n sì ní òrìṣà tí wọ́n gbé wá. Tí ọmọ yìí bá kọ ojú ewé méjì tó jẹ́ Ṣọ̀ún nìkan, ìdajì ẹbí tó máa kà á ò ní rí ara wọn níbẹ̀, pàápàá àwọn ìyàwó ilé.

Ẹ bi àwọn ìyá yín pé agboolé wo ni wọ́n ti wá, kí ẹ kọ ọ́. Ìlú tó gba èèyàn nígbà ogun ni Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyẹn ló sọ ọ́ di ńlá. Orí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ ló fún un lórúkọ, àwa tá a sá wá la fún un lérò.

Àkànní Ìsàlẹ̀-Afọ́n
Òótọ́ lo sọ lórí àwọn tó sá wá, àmọ́ ẹni tó bá sá wá bá èèyàn, onílé ló gbà á.

Ọmọ Ìkòyí
Oníkòyí ti wà lórí oyè kí ọdẹ kankan tó rí èéfín. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀ yẹn.

Alábòójútó
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ta ló ga ju ta. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n máa kọ sínú ìwé ẹbí ni.

Àǹtí Kùmásì
Mo gbọ́dọ̀ dá sí i torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ máa ń gbàgbé wa. Ghana ni wọ́n bí mi sí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni bàbá mi, àwa Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ ní Ghana nígbà yẹn kódà láwọn ọjà ìhà àríwá tí kì í ṣe kékeré. Nígbà tí ìjọba Busia ní oṣù November 1969 ní kí gbogbo àjèjì tí ò níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, a bọ́ sọ́nà pẹ̀lú ẹrù tí a lè gbé, a dé Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí èmi ò rí rí láyé mi. Ọdún yẹn kan náà, ní July, ni wọ́n ti pa Ṣọ̀ún Olájídé Ọláyọ̀dé nínú rògbòdìyàn owó orí, àsìkò Àgbẹ́kọ̀yà, ìlú ṣì ń ṣọ̀fọ̀ nígbà tá a dé. Kò sí ọba lórí ìtẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń pè wá ní ọmọ Ghana, wọ́n ń fi Yorùbá wa ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo ń sọ èyí torí ẹ ní àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni ẹ̀ ń kọ ọ́ fún. Ẹ má dá ìtàn dúró sí ọdún 1800. Ọmọ tó wá láti Manchester ò ní mọ ohun tó kan òun kan Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n tó bá mọ̀ pé bàbá bàbá ẹ̀ ta aṣọ ní Tamale, pé wọ́n lé wọn, pé ilé tí wọ́n padà sí ni èyí tí òun wá sùn sí fún Iléyá, ó yé e. Gbogbo ẹbí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní ẹnì kan tó lọ Ghana, tó lọ Jọ́ọ̀sì tàbí Ivory Coast. Ẹ bi wọ́n kí wọ́n tó lọ.

Àbíkẹ́_Jọ́ọ̀sì
Àǹtí ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Jọ́ọ̀sì náà. Ọ̀rọ̀ tó ń jà níbẹ̀ yàtọ̀. Àwọn òbí wa kì í sọ ìtàn Ògúnlọ́lá fún wa rárá, ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń sọ. Pé Bowen oníbatisí dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855, pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1898, pé ilé ìwòsàn Batisí ló tọ́jú bàbá àgbà. Títí mo fi dàgbà, mo rò pé àwọn òyìnbó ló tẹ ìlú dó 🙈 Torí náà mo fara mọ́ Tíṣà, ìtàn ọdẹ ní láti wà níbẹ̀.

Ọmọ Gbàgúún
@ỌmọTákíè ọ̀nà tó rọrùn jù nìyí, n ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́. Má kọ nǹkan kan ṣáájú. Gba ilé lọ, bá àwọn ìyá àgbà tó mọ oríkì, kì í ṣe ọkùnrin o, àwọn obìnrin ilé ni. Gbé fóònù sílẹ̀, jẹ́ kí wọ́n máa kì. Orúkọ tí wọ́n bá dá sínú oríkì, tọ ọ́ lọ, bi wọ́n pé ta nìyẹn, kí ló ṣe. Ìtàn tí wọ́n ń sọ lẹ́nu a máa yí padà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ bá ṣe rí, oríkì kì í sábà yí. Lẹ́yìn náà lọ ká èyí tí àwọn ọkùnrin sọ. Ibi tí méjèèjì bá ti pàdé, kọ ọ́ bí òtítọ́. Ibi tí wọn ò bá pàdé, kọ "àwọn kan sọ pé", kí o dárúkọ agboolé tó sọ ọ́. Tún kọ ọ́ pé ọjọ́ wo lo gbọ́ ọ lẹ́nu ta. Tí kò bá sí ìyẹn, ẹni tó máa kọ tiẹ̀ lógún ọdún sí i á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tún mú obì dání, má lọ lọ́wọ́ òfìfo.

ỌmọẸlẹ́rin
Kó tún mú ẹ̀wà lọ 😂

ỌmọTákíè
Ẹ ṣé gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti pe ìyá àgbà wa kan nílé lórí fóònù lálẹ́ àná, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì, wọ́n dárúkọ ẹnì kan tí n ò gbọ́ rí láyé, wọ́n ní "ẹni tó wá láti Ìgbọ́n". Kò sẹ́ni tó sọ fún wa rí pé ẹbí wa ní Ìgbọ́n nínú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń bínú. Ta ló mọ ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀ ní Orílé-Ìgbọ́n?

Ọmọ Ìkòyí
Mo sọ ọ́! Lọ sí ààfin Olúgbọ́n, béèrè olórí agboolé tí ìyá àgbà bá dárúkọ. Lọ́jọ́ ọjà kọ́ o, wọn ò ní ráyè ẹ.

Lọ́yà_Masifá
Kó tó kọ ìyẹn síwèé, kó kọ́kọ́ fi han ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀.